Ilẹ̀kùn Ilé Wa Létí Òkun

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Ẹsẹ̀-Ò-Gbélé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti rọlẹ̀ díẹ̀? Èmi wà, mo dúpẹ́, orúnkún nìkan ló ń bá mi jà. Tí mo bá fẹ́ dìde, á ké. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà, tí mo bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á ké. Àwa méjèèjì la jọ ń gbó lọ.

Kí n tó gbàgbé: lẹ́tà tí mo kọ sí ọ kí ọdún tó parí padà wá bá mi nílé. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẹni náà ti kó lọ. Ta ni ẹni náà? Ṣé ọmọ tí mo bí ni wọ́n ń pè ní ẹni náà? Ẹ̀gbọ́n rẹ ló wá fún mi ní àdírẹ́sì tuntun yìí. Ẹ̀ẹ̀melòó lèèyàn ń kó nínú ọdún kan? O ń kó kiri bí ológbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bí ọ̀ràn bá délẹ̀, ibo la ó ti wá ọ?

Ọ̀ràn náà ti délẹ̀ báyìí o. Bàbá Kékeré wá sílé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé téèpù tó fi ń wọn pákó dání. Kò tíì kí mi tán tó ti ń wọn ara ilé. Mo ní, "Àbúrò ọkọ mi, ṣé pósí lẹ fẹ́ kàn fún mi ni?" Ó ní kí n yé ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun fẹ́ tú ilé yìí, kí òun kó pákó rẹ̀ lọ sókè, kí òun fi kọ́ yàrá méjì fún mi lẹ́yìn ìsọ̀ káfíńtà òun. O mọ̀ ọ́n. Tó bá sọ̀rọ̀ tán, bí ẹni pé adájọ́ ti dìde ni.

Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ńkọ́? Ó mọ ohun tí mo ń wí. Lọ́jọ́ tí bàbá yín gbé ilẹ̀kùn yẹn kọ́, ó fi òfin lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọ ọ́ àfi tí gbogbo ọmọ tí a bí sínú ilé bá fi ẹnu ara wọn sọ pé kí wọ́n yọ ọ́. Tí ilẹ̀kùn bá sì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òrùlé. O mọ ohun tó fà á. Ìrìn àjò ni bàbá yín lọ tí Bàbá Kékeré àti àwọn yòókù fi wó ilé bàbá wọn. Ìgbà tó máa dé, ilẹ̀ gbalasa ló bá. Títí tó fi kú ló ń sọ ọ́.

Ẹ̀yin méjì náà la bí síbí. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti gbà. Ó fi ọkọ̀ ńlá rẹ̀ ya ibí, kò tilẹ̀ paná ọkọ̀, ó ní, "Ẹ yọ ọ́ jàre, Màámi." Ó wá ku ìwọ. Ohun tí o bá wí náà ni wọ́n máa ṣe. Mi ò tì ọ́ síbì kankan.

Bàbá Aláago tó ń tún aago ṣe ní ẹ̀gbẹ́ wa ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀. Àwa wà létí òkun bí a ṣe wà.

Bá mi wá abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, èyí tó nípọn, tó lè gún jíǹsì. Èyí tí wọ́n ń tà níbí, tí èèyàn bá kàn wò ó lójú, á kán.

Èmi ìyá rẹ, tí kò kó lọ síbì kankan.


Ọjọ́ kejì, oṣù kejì

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tètè dìde, ilẹ̀ yàrá yìí tutù bíi yìnyín. Ẹ kú ìnira orúnkún. Abẹ́rẹ́ yín wà nínú àpò kékeré tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ ṣọ́ra kó má gún yín lọ́wọ́.

Ẹ má bínú lórí ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì. Kì í ṣe ẹ̀bi mi. Yàrá àkọ́kọ́, onílé ní òun fẹ́ fún ọmọ òun. Ìkejì ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìkẹta, obìnrin tí a jọ ń gbé máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ti fìríìjì, ó tún so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ọrùn. Ibi tí mo wà báyìí, wọ́n ní létí òkun ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ń pè ní etí òkun níbí fún yín, kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ajẹ́ńtì ni mò ń bá ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń fọ ilé kí ayálégbé tó kó wọlé. Kò sí ilé tó ń fi síta tí kì í ṣe létí òkun. Ilé tó wà lẹ́yìn gáréèjì, létí òkun. Ilé tó kọjú sí ògiri, létí òkun. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé kẹ́ ẹ tó rí òkun, ẹ gbọ́dọ̀ gun orí ìjókòó ilé ìyàgbẹ́, kẹ́ ẹ wá na ọrùn bíi ewúrẹ́ tó ń wo orí ọgbà. Bàbá arúgbó kan wá wò ó, ó ní, "Òkun dà?" Ajẹ́ńtì ní, "Ẹ fa atẹ́gùn símú, ẹ ò gbọ́ òórùn rẹ̀ ni?" Bàbá fà á símú, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òórùn ọṣẹ tí ọmọbìnrin yìí fi ń nulẹ̀ lòun ń gbọ́. Díẹ̀ ló kù kí n ki orí bọ garawa, kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín mi. Níbí, tí wọ́n bá ti ní létí òkun, ẹ mọ̀ pé wọ́n fẹ́ gbówó lé ilé ni. Kò ní ìtumọ̀ mìíràn.

Ó ku ti ilẹ̀kùn. Màámi, rárá.

Bàbá Kékeré tún ti dé! Ó ti wó ilé bàbá tirẹ̀, ó wá ku ti bàbá tiwa. Irú pákó tó wà lára ilé wa, ikán ò lè jẹ ẹ́, wọn ò sì rí i rà mọ́ lọ́jà. Òun náà mọ̀. Ẹ má jẹ́ kó fi yàrá méjì tàn yín jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó wà níkùn mi. Yàrá kẹrin tí mò ń sùn sí rèé, mi ò tíì pé ọdún méjì níbí. Kò sí èyí tí mo jí nínú rẹ̀ tí mo mọ ibi tí ògiri wà. Ilé wa nìkan ni mo lè rìn nínú rẹ̀ láìlajú. Tí ayé bá sú mi, mo máa ń pa ojú dé, màá ti ilẹ̀kùn yẹn wọlé, màá gbọ́ bó ṣe máa ń ké, màá wá bá yín nídìí ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá wá yọ ọ́, ibo ni mo fẹ́ padà sí? Ẹ̀yìn ìsọ̀ káfíńtà?

Ilé wa ti wà létí òkun kí ẹ tó bí mi, òkun ò jẹ ẹ́. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń ní ká gbé omi mímu dání tí a bá fẹ́ lọ ṣeré létí omi, nítorí pé ó jìn. Ẹ sọ fún un pé ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn.

Ọmọ yín tòótọ́.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹta

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Abẹ́rẹ́ dé, ó le, ó ń gún jíǹsì bí ẹni ń gún bọ́tà. O ṣeun, wàá bí èyí tí yóò ṣe tìrẹ fún ọ. O kú ìpalẹ̀mọ́ ilé onílé.

Mo ka lẹ́tà rẹ sí Bàbá Kékeré létí. Mo tún un kà, kó lè yé e. Ó ká téèpù rẹ̀, ó fi í sápò, ó jáde. Kò dágbére.

Mo rẹ́rìn-ín ajẹ́ńtì yẹn títí òwú fi já lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n má rò pé àwọn nìkan ló ń lò ó bó ṣe wù wọ́n. Àwa náà ńkọ́? Ẹni tó ń ta bàtà ní ibùdókọ̀, tí kò tíì fojú kan omi láti oṣù wo, tí wọ́n bá bi í pé níbo ló wà, á ní létí òkun. Tí nǹkan bá sọnù, a ní kí wọ́n wá a lọ sétí òkun. Tí ọmọ bá ń rojú oúnjẹ, a ní yóò sùn létí òkun lónìí. Ìgbà tí mo délé ọkọ, mo bi bàbá yín pé níbo gan-an ni etí òkun bẹ̀rẹ̀, ó ní níbi tí iyanrìn bá ti ń wọ bàtà. Mo ní ibo ló wá parí sí? Ó ní kò sẹ́ni tó tíì padà wá sọ fún wa. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ nígbà yẹn.

Èmi aránṣọ, etí aṣọ ni mo mọ̀. Tí etí aṣọ bá ń tú, à á ká a wọnú, à á rán an mọ́lẹ̀, ó tán. Ti òkun ò ṣe é ká.

Má dààmú ara rẹ nítorí mi. Mo ti gbé ìkòkò àti sítóòfù wá sí pálọ̀, atẹ́gùn ẹ̀yìn ilé ti pọ̀ jù. Omi ni mò ń rà báyìí, ti kànga ò dára lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń wọlé. Ilé ìwé kan gbé aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀ wá, gbogbo wọn, ṣòkòtò àti ṣẹ́ẹ̀tì.

Fi fọ́tò rẹ ránṣẹ́, èyí tí o ò ti wọ kóòtù, kí n lè rí bó o ṣe sanra sí.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú aṣọ ilé ìwé. Mi ò ní kọ púpọ̀, ajẹ́ńtì ń fun fèrè ọkọ̀ nísàlẹ̀.

Mo ti ka lẹ́tà yín, mo tún un kà, nǹkan kan ń yún mi nínú. Atẹ́gùn wo ló lé ìdáná wọ pálọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ lé mi jáde nígbà tí mo gbé búrẹ́dì wọ pálọ̀, ẹ ní èérún rẹ̀ yóò pe èèrà! Kí ló sì ṣe kànga? Omi kànga yẹn ni gbogbo àdúgbò ń tò fún.

Ẹ má sọ fún mi pé ẹ wà létí òkun. Mo mọ̀. Ẹ dá mi lóhùn ohun kan ṣoṣo yìí: tí ẹ bá ṣí fèrèsé ẹ̀yìn, kí lẹ ń rí?

Mo tún ti kó lọ síbòmíràn o, ẹ má pariwo. Ajẹ́ńtì ní kí n máa sùn nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé tí kò tíì rí ayálégbé. Àdírẹ́sì rẹ̀ ló wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ẹ fún Bùrọ̀dá náà.

Fọ́tò ń bọ̀. Kóòtù wà lára mi nínú rẹ̀. Ẹni tó bọ́ kóòtù níbí, ó ti fẹ́ kú ni.

Ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí ọ. Iṣẹ́ mi kì í ṣe ìwé kíkọ, nítorí náà kò ní gùn. Tí o bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, tún un ṣe fúnra rẹ, ìwọ lo lọ sílé ìwé.

Ìyá rẹ ka lẹ́tà rẹ sí mi létí bí ẹni tó jàre ẹjọ́. Lẹ́yìn náà o béèrè ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀, kò dá ọ lóhùn. Lẹ́tà náà wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀, mo rí i, mo kà á. Èmi ó dá ọ lóhùn.

Ìdáná ti lọ. Kì í ṣe atẹ́gùn, òkun ló gbé e, tògiri tòrùlé. Ìkòkò tó wà ní pálọ̀, àwọn tó sá àsálà ni. Kànga ti wà nínú òkun. Bàbá Aláago kó lọ bá ọmọ rẹ̀ lóòótọ́, nítorí pé kò nílé mọ́. Ó jáde lọ ra bátìrì aago, ìgbà tó máa padà, yàrá rẹ̀ ti là sí méjì, ìdajì rẹ̀ sì ń léfòó. Tí ìyá rẹ bá ṣí fèrèsé ẹ̀yìn, omi ló ń ta sí i lójú. Kì í ṣí i mọ́. Ó ti fi àpò ìrẹsì dí i.

O ní mo wó ilé bàbá mi. Mo wó o. Ògiri rẹ̀ ti gbé ikùn síta, àwọn ọmọ sì ń sùn nídìí rẹ̀. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, màá tún wó o kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Bàbá rẹ bínú sí mi títí tó fi lọ, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò sin òkú kankan láti inú ilé náà.

Mi ò wá pákó. Ìsọ̀ mi kún fún pákó débi pé ẹ̀gbẹ́ ni mò ń gbà wọlé. Mo sì lè yọ ilẹ̀kùn yẹn lónìí láìbi ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá yọ ọ́ láìgbẹnu rẹ, ìyá rẹ á padà lọ jókòó sínú ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, á ní ọmọ òun kò tíì sọ̀rọ̀. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Orí kunkun rẹ̀ lo jogún.

Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Má sì jẹ́ kó pẹ́.

Bàbá Kékeré.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù karùn-ún

Màámi,

Ẹ yọ ọ́.

Mi ò tíì kí yín, ẹ foríjì mí, màá kí yín tí ẹ bá dé òkè. Èmi ọmọ yín, tí ẹ bí sínú yàrá ọwọ́ ọ̀tún, mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́ pé kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn ilé wa, kí wọ́n ṣí òrùlé rẹ̀, kí wọ́n má fi pákó kan sílẹ̀. Mo pariwo rẹ̀ nínú yàrá kí n tó kọ ọ́, kó lè jẹ́ ẹnu mi lóòótọ́. Obìnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ gòkè wá kan ilẹ̀kùn, ó ní ta ló kú. Mo ní kò tíì sẹ́ni tó kú.

Lẹ́tà Bàbá Kékeré lọ sí yàrá kẹta tí mo ti kó kúrò, àdírẹ́sì àtijọ́ ló kọ sí i, kò wo ẹ̀yìn lẹ́tà mi. Obìnrin onífìríìjì tí a jọ gbé tẹ́lẹ̀ ló bá mi gbé e láti ibẹ̀, ló bá gbàgbé rẹ̀ sínú àpò ẹ̀wù. Àná ni mo pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Tí mi ò bá gba ojú ọ̀nà yẹn ńkọ́? Láti àná ni mo ti ń rìn yíká yàrá. Mi ò lè jókòó, mi ò lè jẹun. Mo fọ ilé kan lẹ́ẹ̀mejì lónìí, mi ò mọ̀ pé mo ti fọ̀ ọ́.

Màámi, inú bí mi o. Ẹ ní ẹ wà létí òkun bí ẹ ṣe wà. Bí ẹ ṣe wà! Àti ajẹ́ńtì àti ẹ̀yin, èwo ló sàn nínú yín? Òun, òkun tó jìn ló ń fi tanni. Ẹ̀yin, èyí tó ti wọ yàrá lẹ fi pamọ́. Mo sì gbà yín gbọ́, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ sọ. Mo fẹ́ kí ilé wà níbẹ̀ kí n lè máa bá a lọ láti kó kiri. Mi ò ro tẹni tó jókòó sínú rẹ̀.

Ẹ má dúró kí ẹ rán aṣọ ilé ìwé tán. Ẹ dìde nídìí ẹ̀rọ yẹn báyìí. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Kékeré. Ẹnu mi ti ya jù.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ẹ rí lẹ́tà mi gbà? Mo ní ẹ yọ ọ́. Tí ti àkọ́kọ́ bá sọnù, ẹ gba èyí gẹ́gẹ́ bí ẹnu mi: ẹ yọ ọ́, ẹ yọ ọ́.

Ẹni tó ń pín lẹ́tà ti ń sá fún mi. Tó bá ti rí mi lẹ́nu ọ̀nà, á ti máa mi orí láti òdìkejì títì. Mo kọ̀wé sí Bùrọ̀dá, kò fèsì, ṣé ojú ọ̀nà ló wà ni? Mo kọ̀wé sí Bàbá Kékeré, mo bẹ̀ ẹ́, kò fèsì. Èwo ni kí n rò? Ẹ bá mi sọ èyí tí mo lè rò.

Ajẹ́ńtì ti rí ayálégbé fún ilé tí mò ń sùn sí. Ó ní kí n kó lọ sí ọ̀kan tó dára jù ú lọ, tó ní ẹ̀rọ ìgbóná. Mo ní mi ò kó. Ó ní ṣé orí mi pé? Mo ní lẹ́tà kan ń bọ̀ wá bá mi níbí, tó bá dé tí kò bá mi, màá kú. Ó wò mí títí, ó ní ó dáa, kí n máa sùn sí yàrá kékeré tó wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn, àdírẹ́sì kan náà ni. Ibẹ̀ ni mo wà. Tí mo bá na ẹsẹ̀, á kan ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ ìsinmi, mo rìn lọ sétí òkun níbí, etí òkun tòótọ́, kì í ṣe ti ajẹ́ńtì. Àwọn èèyàn jókòó, wọ́n ń jẹ nǹkan tútù, wọ́n sì ń ya fọ́tò. Mi ò lè wo omi náà pẹ́. Mo kẹ́yìn sí i, mo padà wálé.

Ọ̀rọ̀ kan péré náà tó. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà tí ẹ fi ń gé aṣọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù keje

Ọmọ mi,

Mo wà láàyè. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí àyà rẹ lè balẹ̀, o lè wá máa kà á díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́tà rẹ méjèèjì dé. Má bínú sí ẹ̀gbọ́n rẹ tàbí Bàbá Kékeré, èmi ni mo ní kí wọ́n má kọ nǹkan kan, mo ní èmi fúnra mi ni màá kọ ọ́. Ó wá pẹ́ lọ́wọ́ mi nítorí pé mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí.

Nígbà tí o ní rárá, inú mi dùn. Ó dùn débi pé mo kọrin nídìí ẹ̀rọ. Èmi ni mi ò fẹ́ kúrò nínú ilé yẹn, ọmọ mi. Kì í ṣe òfin bàbá yín, kì í ṣe ìwọ. Mo kàn rí i pé tí mo bá sọ pé èmi ò lọ, Bàbá Kékeré á gbé mi lé èjìká, á gbé mi jáde. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní ọmọ mi ò gbà, kò sí ohun tó lè ṣe. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ ti ìdáná fún ọ. Tí mo bá sọ ọ́, mo mọ̀ pé wàá gbà.

Ìgbà tí lẹ́tà tí o fi gbà dé, mo kà á, mo ká a, mo fi í sábẹ́ ẹ̀rọ. Bàbá Kékeré wá béèrè, mo ní kò tíì dé. Ó tún wá, mo ní àwọn tó ń pín lẹ́tà ìlú yẹn, ṣé ẹ ò mọ̀ wọ́n ni? Mo ń rán aṣọ ilé ìwé lọ. Mo ní tí n bá parí ṣòkòtò, màá sọ. Mo parí ṣòkòtò, mo ní ó ku ṣẹ́ẹ̀tì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, omi gba abẹ́ ògiri ẹ̀yìn wọlé, ó rọra wá, ó kàn mí lẹ́sẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kan lé orí àpótí, mo ń fi èkejì tẹ ẹ̀rọ. Omi tún ru díẹ̀. Mo gbé èkejì náà sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ. Ìgbà tí mo wo ara mi, àgbàlagbà obìnrin, tó ká ẹsẹ̀ sókè bí adìyẹ tó dúró sórí ọgbà, tó ń rán kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ ọlọ́mọ nínú omi òkun, mo bú sẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún. Mo sunkún, àánú ara mi ṣe mí, mo sì dìde.

Bí mo ṣe wà yẹn, pẹ̀lú ìró tó tutù, ni mo gòkè lọ sí ìsọ̀. Mo ní, "Ọmọ ti gbà. Ẹ kálọ." Bàbá Kékeré ní ìgbà wo lo gbà? Mo ní kó má bi mí. Ó wo ìró mi, ó wo ojú mi, kò bi mí mọ́. Ó mú hámà. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, mo ní kó fún mi. Ó ní kí n má ṣe ara mi léṣe. Mo ní ilé ta ni? Èmi ni mo kọ́kọ́ lu ìṣó jáde, àwọn yòókù, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ ló yọ wọ́n. Ilẹ̀kùn yẹn ké nígbà tí wọ́n ń yọ ọ́, bó ṣe máa ń ké. Mo bá kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Wọ́n kó pákó, wọ́n kó páànù, wọ́n gbé ẹ̀rọ mi. Òkun kó ìyókù ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìyẹn, ìpìlẹ̀ àti àtẹ̀gùn àti ibi tí mò ń jókòó sí. Àwọn èèyàn dúró wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Èmi ò lọ wò ó. Bùrọ̀dá rẹ ló sọ fún mi, ó ní ká ní mo wà nídìí ẹ̀rọ ni, kò ní sí àyè láti dìde.

Mo wà lẹ́yìn ìsọ̀ báyìí. Ayùn ń ké láti òwúrọ̀, èérún pákó ń wọ inú aṣọ oníbàárà, èmi àti Bàbá Kékeré sì ń jà lójoojúmọ́. Ilẹ̀kùn wa fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà tó ṣe fún mi lọ. Ó fẹ́ gé e. Mo ní tó bá gé e, èmi náà á gé ṣòkòtò rẹ̀. Ló bá gbé ayùn, ó fi ìkùnsínú gé ẹnu ọ̀nà fẹ̀ sí i.

O kọ ọ́ pé o ò ro tẹni tó jókòó sínú ilé. O rò ó. Kò sẹ́ni tó ní kí o pariwo nínú yàrá onílé.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ èyí tó wà nílẹ̀. Inú ń bí mi sí ọ pé o gbà. Ká ní o ò gbà, òkú mi ni wọn ì bá máa wá kiri létí òkun. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sọ ọ́ fún ara mi láràárọ̀, inú sì ń bí mi síbẹ̀. Má bẹ̀ mí. Má rán nǹkan kan wá. Jẹ́ kí n bínú tẹ́ mi lọ́rùn, ọmọ mi. Ẹni tó wà láàyè ló ń bínú.

Èmi, ìyá rẹ.